Ìdájọ́ Àádọ́rùn-ún Ọjọ́

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni obìnrin kan fi jẹ́ akọ̀wé tó ń tẹ ìdájọ́ àwọn adájọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga. Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Adájọ́-Aláìlẹ́wù, torí bí adájọ́ bá ṣi òfin tọ́ka, òun ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìwé ìròyìn kan fún un ní ojú ìwé kan ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kí ó máa ṣàlàyé ìdájọ́ fún aráàlú. Àlàyé rẹ̀ a máa yé tọmọdé tàgbà.

Ìjọba wá ṣòfin pé ọlọ́pàá lè ti ènìyàn mọ́lé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgbé e dé iwájú adájọ́. Ọjọ́ méjì péré sì ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè fàyè gbà. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún ní òfin ìjọba fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹnì karùn-ún, obìnrin, kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Ọjọ́ méjì tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ẹwà lásán. Ẹni tí adájọ́ kò rí, ohunkóhun lè ṣe é."

Nínú ìwé ìròyìn, Adájọ́-Aláìlẹ́wù gbè sẹ́yìn àwọn mẹ́rin. Ó ní àwọn ajínigbé ti gba gbogbo ojú ọ̀nà, pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà dùn létí ni, kò wúlò. Àwọn òǹkàwé yìn ín.

Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n fi mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Olùkọ́ ni, ó fọwọ́ sí lẹ́tà tí àwọn olùkọ́ kọ tako ìjọba. Ìyàwó àbúrò náà wá bá a ní àárọ̀ kùtù.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ mòfin. Ọjọ́ kẹta rèé. Ṣé wọn ò ní gbé e lọ sílé ẹjọ́ ni?"

"Wọ́n lè má gbé e lọ, ìyàwó mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ilé ẹjọ́ ló sọ ọ́. Èmi náà sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ó dáa."

Ìyàwó kò bú u. Ó ní kí wọ́n jọ lọ wá lọ́yà.

Lọ́yà pẹjọ́ pé kí wọ́n tú àbúrò sílẹ̀. Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà, Adájọ́-Aláìlẹ́wù ti tẹ ìdájọ́ rẹ̀ rí fún ọdún mẹ́sàn-án. Adájọ́ náà kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Bó bá ṣe tèmi ni, ǹ bá tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè tàpá sí ìdájọ́ àwọn ọ̀gá mi." Wọn ò tiẹ̀ gbé àbúrò wá síbẹ̀; ó ṣì wà ní àtìmọ́lé.

Ní ọjọ́ kejìlélọ́gọ́ta, wọ́n ránṣẹ́ sí ìyàwó kó wá gbé òkú ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ikọ́ fée ló pa á. Ikọ́ fée ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Oògùn tí ìyàwó gbé lọ fún un wà nínú ẹrù tí wọ́n dá padà, wọn ò tiẹ̀ ṣí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Adájọ́-Aláìlẹ́wù kọ àlàyé mìíràn. Ó ní òun ló ṣì í, adájọ́ karùn-ún ló jàre. Pé ká ní àbúrò òun rí adájọ́ lọ́jọ́ kejì ni, ì bá ti sọ pé àyà ń dí òun.

Olóòtú ìwé ìròyìn náà ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká yọ ibi tẹ́ ẹ ti bá ara yín wí. Ó máa tàbùkù yín."

"Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ má tẹ ìyókù."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Òǹkàwé kan kọ̀wé sí i pé: ṣé àfìgbà tó kan ọmọ ìyá yín lẹ tó rí i?

Òfin náà ṣì wà. Adájọ́-Aláìlẹ́wù kò kọ nǹkan mọ́. Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ àwọn tó wà ní àtìmọ́lé, ó máa ń jókòó ti àwọn ẹbí wọn lórí bẹ́ǹṣì níta, a máa sọ ohun tí adájọ́ wí fún wọn.

"Ìyẹn ni pé ọmọ mi ò ní wálé lónìí?" bàbá kan bi í lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Kò ní wálé lónìí, Bàbá," ó ní, ó sì sún kí bàbá lè ráyè jókòó.