Ìgbín Tó Dá Ọmọ Ọdẹ́yalé Mọ̀

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni ìgbín mẹ́rin tó tóbi bí ìkúùkù àgbàlagbà lọ́jà wa ní Ìgandò. Ẹni tó bá ní ó wọ́n, kó wọ igbó lẹ́yìn òjò, kó tan tọ́ọ̀ṣì, kó máa wá tirẹ̀. Èmi tí mo ti ń ta ìgbín látìgbà tí àbígbẹ̀yìn mi ti wà lẹ́yìn mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn owó mọ́.

Ìyá Mọ́jí ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí n máa fi ìka kan ẹran ìgbín: èyí tó bá sá wọ ìkarahun, ó wà láàyè, èyí tí kò bá mira, kí n tètè tà á fún ẹni tó ń kánjú. Mo gba ti àkọ́kọ́, mo fi èkejì sílẹ̀ fún un. Ó tún ní ẹni tó bá ń ra ìgbín lọ́wọ́ rẹ, o ti mọ ìdajì inú ilé rẹ̀. Òótọ́ ni. Mo mọ ìgbà tí àlejò dé sílé wọn, mo sì mọ ìgbà tí owó tán.

Ilẹ̀ tí ìsọ̀ wa wà, ti Ọdẹ́yalé ni, ọdẹ tó kọ́kọ́ dó sí àdúgbò náà nígbà tó ṣì jẹ́ igbó kìjikìji. Bàbá Lámídì ló ń bá ìdílé rẹ̀ gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Owó nìkan ni ojú wọn ṣì ń rí. Ìgbà tí Bàbá kú, kí ilẹ̀ sàárè tó gbẹ, Olóyè Gàníyù ti yọ sí wa láti àdúgbò Pleasure. Ta ló fi í joyè? Níbo? Ẹ má bi mí.

"Ọmọ-ọmọ Ọdẹ́yalé ni mí," ló wí, ó ń tún fìlà dé. "Kóṣù yìí tó parí, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan á san ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ katapílà ń bọ̀."

Ìyá Bísí aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́kún. Èmi kí Olóyè dáadáa, oníbàárà mi ṣá ni. Kò sí Sátidé tí kì í ra ìgbín, á sì ní kí n ṣa èyí tó sanra fún òun. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, mi ò sì ní òmíràn.

Àwọn ará ọjà ní kí n lọ wá ìdílé Ọdẹ́yalé rí, torí ẹnu mi kì í sinmi. Bóyá ìyìn ni, bóyá èébú ni, mo gbà á. Bàbá kan ní Ìdímù ní òun mọ ìtàn Ọdẹ́yalé délẹ̀, ló bá sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi títí oòrùn fi wọ̀. Wòlíì kan ní Ẹgbẹ́dá ní ọmọ Ábúráhámù ni gbogbo wa.

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo fèsì. "Ṣé Ábúráhámù ló nilẹ̀ Ìgandò ni?"

Opó Bàbá Lámídì ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi, òun ni mo sì bi kẹ́yìn, bí àwa ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní ilé kan báyìí ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ni ọkọ òun máa ń gbé owó ilẹ̀ lọ.

Mo bá ìyá arúgbó kan níbẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá Ráfátù ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ kúulé, màámi. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Lámídì?"

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀? Lámídì tún rán ẹ wá pé òjò ba ọjà jẹ́, àbí?"

"Bàbá ti kú, màámi."

Ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Háà! Olè mi dáadáa ti lọ. Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

Nígbà tó gbọ́ ti Olóyè, ó ní baba òun ni Ọdẹ́yalé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì wọn: "Ọmọ Ọdẹ́yalé, ọmọ a-rí-ìgbín-yà-fún-un. Òùngbẹ gbẹ ọdẹ nínú ẹgàn, ipa ìgbín ló tọ̀ débi omi." Ó ní etí omi yẹn ni baba náà dó sí, látìgbà náà sì ni ìgbín ti di èèwọ̀ wọn.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó. Ìyá wá wojú mi. "Kí lò ń tà lọ́jà, ọmọ mi?"

"Nǹkan ọbẹ̀ ni, màámi."

Lọ́jọ́ tí Olóyè wá gbowó, Ìyá Ráfátù jókòó sínú ìsọ̀ Ìyá Bísí. Mo dìde.

"Olóyè, ẹ dákun, kí lèèwọ̀ ìdílé yín?"

"Àwa?" Ó wòkè. "A kì í jẹ… a kì í jẹ ejò."

"Ìgbín ńkọ́?"

"Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé Sátidé kan wà tí mi ò jẹ ẹ́ ni?"

Ìyá Ráfátù jáde, ó gbé oríkì sókè. Olóyè ò mọ ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹ wo ariwo! Ìyá Bísí ń pariwo pé, "Ọmọ Ọdẹ́yalé, ẹ wá jẹ ìgbín yín o!" Olóyè ti sọdá títì kí ó tó rántí fìlà tó bọ́ sílẹ̀.

Ìyá ní owó ilẹ̀ àtijọ́ náà ni a ó máa san. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí gan-an ni Ìyá ti rí abọ́ ńlá tó wà lẹ́yìn mi, tí ìgbín kan ń gun etí rẹ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ta ló ni èyí?"

Àwọn ará ọjà tí mo gbà sílẹ̀, gbogbo wọn nawọ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Nǹkan ọbẹ̀ nìyí?" ni Ìyá wí. "Ọmọ mi, a kì í jẹ ẹ́, a kì í sì í tà á lórí ilẹ̀ Ọdẹ́yalé. Ìsọ̀ rẹ ni ìsọ̀ rẹ. Ìgbín á kúrò lónìí."

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi wá a délé.

Pánlá ni mò ń tà báyìí. Mo kọ́kọ́ bi Ìyá léèrè, ó ní pánlá ò fọ̀nà omi han ẹnikẹ́ni nínú ìdílé àwọn. Ní ti ìgbín ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gọ́rin náírà ni mo rà á. Mo gbé e dé Ẹgbẹ́dá, ṣùgbọ́n ìròyìn ti gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú mi, wọ́n sì ná mi bí ẹni ná ẹrù olè. Ìgbà tí mo ta èyí tó kẹ́yìn, mo pàdánù ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.