Ojú Oyèdìran Lórí Kọ̀mpútà Ìjọba

Moróhunfọ́lá kì í fi ẹnu sọ pé òun ń kẹ́gàn ẹnikẹ́ni. Ó kàn máa ń pòṣé ni. Ẹni tó bá gbọ́ òṣé náà á ti mọ̀ pé ẹjọ́ òun ti parí. Ọmọ Iloffa ni, Ìlọrin ló ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ti pẹ́ gan-an ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ní Osi. Ohun tó kórìíra jù láyé ni ẹni tó ń sọ nǹkan gbogbo ènìyàn di ti ara rẹ̀.

Ní 1998 ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá bá wọn. Oyèdìran lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì mọ́tò kó má tún fìlà ṣe. Kò pẹ́ tó dé ni ìjọba fún wọn ní kọ̀mpútà kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa fọ́tò wọ inú rẹ̀ àti èyí tó ń tẹ nǹkan jáde sórí bébà. Orúkọ àti lẹ́tà ìgbéga àwọn olùkọ́ ti wà nínú rẹ̀, lẹ́tà ni wọ́n sì ní kí Moróhunfọ́lá máa fi tẹ̀. Oyèdìran gbé e sí yàrá tirẹ̀, ó fi léèsì bò ó, ó sì ti ilẹ̀kùn. Moróhunfọ́lá padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́.

Lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá pè é wọlé. "Ìyá Tọ̀mídé, ẹ wá wo ohun tí ọgbọ́n ń ṣe!"

Àwọn àwòrán kéékèèké kan máa ń wà lójú kọ̀mpútà tí èèyàn ń tẹ̀ kí iṣẹ́ tó ṣí. Òmíràn dà bí fáìlì, òmíràn dà bí bébà. Oyèdìran ti pààrọ̀ gbogbo wọn. Ó fa fọ́tò ara rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ, ó gé orí rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sún un kì títí ó fi kéré bí èékánná, ó wá fi ojú rẹ̀ rọ́pò ohun tó wà níbẹ̀. Oyèdìran tó dé fìlà, Oyèdìran tí kò dé fìlà, Oyèdìran tó ń rẹ́rìn-ín, Oyèdìran tó fọwọ́ lẹ́rán. Ó tiẹ̀ pa orúkọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn rẹ́, ó kọ Oyèdìran Kìíní, Oyèdìran Kejì síbẹ̀, títí lọ.

Moróhunfọ́lá tẹjú mọ́ ọn. Ojú tí wọ́n sún kì tó bẹ́ẹ̀ kò jọ ti ènìyàn mọ́. Ó dà bí èkùrọ́ tí adìẹ ṣá tì.

"Ọ̀gá, níbo ni lẹ́tà àwọn olùkọ́ wà?"

"Ó wà nínú ọ̀kan nínú wa. Ẹ mú fọ́tò tiyín náà wá, màá fi yín sí igun kan."

"Ẹ ṣeun, sà. Ojú kan ṣoṣo ni mo ní, orí ọrùn mi ló ń gbé."

Nígbà tó délé, ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀, Ilésanmí, tí ń ṣe tíṣà ní Odo-Owa. Ilésanmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Tọ̀mídé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ìgbéga tiyín náà wà nínú ikùn rẹ̀."

Ẹ̀rín náà gbẹ.

Nígbà ọyẹ́, Àlàájà Sikirat, ọ̀gá àgbà kan, ti Ìlọrin wá gba orúkọ àwọn olùkọ́ tí ìgbéga tọ́ sí. Oyèdìran fa agbádá wọlẹ̀, ó jókòó, ó tẹ ojú ara rẹ̀. Eré káàdì ló ṣí. Ó tẹ òmíràn, fọ́tò ló tú jáde. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ó ń wo gílóòbù lókè, bóyá NEPA á ṣàánú òun kí wọ́n mú iná lọ. Iná kò lọ.

Àlàájà gbọ́nwọ́ dànù. "Ọ̀gbẹ́ni Oyèdìran, ẹ mà pọ̀ níbí o! Èwo nínú yín ló ń ṣiṣẹ́?"

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Oyèdìran na ìka sí Moróhunfọ́lá. "Obìnrin yìí ló ba ẹ̀rọ jẹ́, Àlàájà!"

"Èmi kọ́," ni Moróhunfọ́lá wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ wò ó, Àlàájà, ojú ta lẹ rí níbẹ̀?"

Àlàájà lọ lọ́wọ́ òfo. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí ìgbéga Ilésanmí tó dé, nígbà náà ni wọ́n sì gbé Oyèdìran lọ sí Koro. Ọjọ́ tó ń lọ, ó wá bẹ Moróhunfọ́lá pé kó bá òun tẹ àwọn ojú náà jáde sórí bébà, kó jẹ́ ìrántí. Moróhunfọ́lá wá àánú nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bébà náà dúdú bátabàta bí ìgbà tí eṣinṣin yàgbẹ́ sára ògiri. Oyèdìran ká a, ó tì í bọ àpò agbádá, ó dúpẹ́ bí ẹni gba oyè.

Moróhunfọ́lá ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀, ó ká léèsì kúrò, ó sì pòṣé.