Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Ń Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri

Òórùn páálí tó ti gba omi òkun ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan ní Savalou, ní ilẹ̀ Benin, Àlájà Ṣìfáwù, ará Nàìjíríà tó ń ta àlòkù ilẹ̀ òyìnbó, tú àpò kan sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan sì yọrí láàárín àwọn bàtà àtijọ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Mo gbá a mọ́ra.

Bàbá mi ń tún rédíò ṣe ní Bantè. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú, kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àlájà na ọkọ̀ mìíràn sí wa, èyí tó wà nínú páálí aláràbarà. Bàbá dá a padà. "Ojú la fi ń ra àlòkù, a kì í fi etí rà á," ló máa ń wí. Ó gba tọwọ́ mi tó dọ̀tí, ó fi ìka yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní irin ni, kì í ṣe ike. Ó fi wáyà fa iná sí i láti inú bátìrì alùpùpù rẹ̀. Ó kùn yunmu, ó yí.

"Àlájà, èyí kò ní páálí, kò ní ọkọ̀ èrò lẹ́yìn. Ẹ bá wa dín in."

Àlájà wo ojú mi pẹ́. "Ẹ mú un lọ ní ìdajì. Ọmọ náà ti bá a mọ́ra."

Díẹ̀díẹ̀ la ra irin tó ń gbà kọjá, àwọn tó ti dípẹtà. Bàbá fi epo òyìnbó nù wọ́n, ó sì fi agolo sàdíìnì ṣe ọkọ̀ èrò. Nígbà tí ọyẹ́ dé, irin náà ti yí yàrá wa po.

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá dé ẹ̀gbẹ́ ògiri lábẹ́ fèrèsé, yóò dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, yóò tún máa lọ fúnra rẹ̀. Bàbá pààrọ̀ irin ibẹ̀. Ó sún gbogbo rẹ̀ síwájú. Síbẹ̀, ibi kan náà ni.

Ìyá àgbà, tó ti Agoua wá tọ́jú wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. "Ibẹ̀ ni Àìṣá, ìyá ọmọ yìí, máa ń tẹ́ ẹní ìrun rẹ̀ sí."

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. Àmọ́ kò fọwọ́ kan irin náà mọ́.

Àràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé ni mò ń wò ó. Bó bá ti dúró, agolo tó kẹ́yìn a rọra tẹ̀ sílẹ̀, bí alùpùpù ṣe ń ṣe bí èèyàn bá gun ẹ̀yìn rẹ̀. Mo máa ń juwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri. "Àìṣá," ló wí, "máa lọ. Màá tọ́jú ọmọ wa."

Ọkọ̀ náà ṣí. Kò dúró níbẹ̀ mọ́ láé. Lọ́jọ́ náà, nídìí oúnjẹ, Bàbá sọ fún mi bí ìyá mi ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún lójú mi.

Èmi náà ń tún fóònù ṣe ní Savalou báyìí. Mo mọ bí wáyà tó ṣí díẹ̀ ṣe lè dá ọkọ̀ dúró, mo sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà tó kú lọ. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn jókòó sílẹ̀, ó ń juwọ́, ẹ̀rù kò bà á. Èmi, bí nǹkan bá ṣàdédé dúró nínú ilé mi lónìí, wáyà ni mo máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò, kí n má baà gbójú sókè rí ẹni tó dúró níbẹ̀.