Àkísà Kọ́ Lorúkọ Mi

Òórùn irin tó ti dógùn-ún ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òórùn ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn agbo ilé wa ní Ìrẹ̀mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà máa ń rùn bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ̀ tí wọ́n bá ti gbá ẹ nímú rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn. A tò síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan, èmi ló kàn, ni ọmọbìnrin ilé kejì bá fẹsẹ̀ ta kẹ́ẹ̀gì mi dànù.

"Àkísà, bọ́ sẹ́yìn! Ṣé wọ́n ń fi àkísà pọnmi ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àkísàátán lorúkọ mi, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é tán. Ó sú mi débi pé mo ti pinnu, Blessing ni mo máa kọ sí fọ́ọ̀mù ìdánwò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀rín yẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín kan bọ́ sílẹ̀. Mi ò dúró o. Mo gùn ún láyà, mo ń gbá orí ẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, òun náà ń fi èékánná fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ya. Wò ó, àpá ẹ̀ nìyí.

Kí n tó dìde, ìyá ẹ̀ ti gbé ọmọ odó dé.

"Èmi ni mo máa pa ẹ́ lónìí, àkísà lásánlàsàn!"

Ìyá tó bí bàbá mi ló já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ pariwo.

"Ìyàwó, pe orúkọ yẹn tán."

Ìyá àgbà gbé ọmọ odó náà ti ògiri.

"Ọmọ mẹ́ta ni ìyá ọmọ mi yìí bí ṣáájú ẹ̀, gbogbo wọn ló kú. Aṣọ mi ni mo ń ya, òun ni mo fi ń dì wọ́n sin. Nígbà tí eléyìí dé, mo ní àkísà ti tán nílé yìí. Ìwọ kọ́ ni mo sọ ọ́ fún. Ikú ni mo sọ ọ́ fún."

Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n fọ́ mi létí, tàì! Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ọmọ ọlọ́mọ nítorí eyín ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí itan mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àkísàátán ni mo kọ, mi ò gé e. Mo ti rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ jà lórí orúkọ yẹn. Irọ́ ni. Ìyá àgbà ti bá ikú du ẹ̀mí mi lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, ẹnu lásán ni wọ́n fi jà, wọ́n sì gbà mí.