Ta ló fún Dípọ̀ ní nọ́ńbà tuntun mi?

Ẹni tá a jọ ń gbàdúrà ló dalẹ̀ mi lónìí.

Dípọ̀ ni ọkùnrin tí mo fi sílẹ̀ torí ó ní àfi ká jọ sùn kó tó lè fẹ́ mi. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí tí mo fi yí nọ́ńbà mi padà nìyẹn. Sístà Bùnmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ni mo sọ ọ́ fún, kí wọ́n lè bá mi gbàdúrà sí i.

Lọ́sàn-án yìí, mò ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní Fẹ́sítáàkì, ni Dípọ̀ bá pè.
"Olólùfẹ́ mi, níbo lo wà? Jẹ́ n wá gbé ẹ."
Mo ti sọ ibi tí mo wà kí ojú mi tó là. Mo pa fóònù, mo wọ kẹ̀kẹ́ tó kọ́kọ́ dúró.

Mo pe Sístà Bùnmi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
"Èmi ni mo fún un. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àdúrà wa ti gbà ni. Ṣó o rí i, o ti borí."
"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá ti wọ mọ́tò rẹ̀ ńkọ́?"
"Ṣebí o ò wọ̀ ọ́. Wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ tún máa sọ ìṣòro yín fún wọn?