Ẹni Tí À Ń Pè Ní Bàbá Ọ̀yọ́

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí mò ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Aládé, ní ilẹ̀ Ìdànrè, ibi tí èèyàn ti wá la fi ń pè é. Ìyàwó tí wọ́n bá fẹ́ láti Atosin, Ìyá Atosin ni títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn tó wá láti apá òkè wá bá wa ṣiṣẹ́ kòkó, ì báà jẹ́ Ìwó, ì báà jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ la ń pe gbogbo wọn. A ò fi ṣe èébú o, ẹ̀yin ọmọ mi. A kàn rò pé ó tó ni.

Ọ̀kan nínú wọn wà lóko bàbá mi, àgbàlagbà tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá Ọ̀yọ́ là ń pè é. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ́ kòkó láì fi àdá gé ọwọ́.

Lọ́dún yẹn, tíṣà wa ń kọ́ wa ní orúkọ tí Òyìnbó ń pe ará ibi gbogbo. Ará Gánà, Gáníánì. Ará Íńdíà, Íńdíánì. Kódà aṣọ àti oúnjẹ wọn, orúkọ ìlú náà ni wọ́n ń fi pè é. Ẹnu mi ò sinmi mọ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Ọ̀yọ́ lóko, ó rẹ́rìn-ín títí.

Ó ní, "Ará ìlú tèmi wá ńkọ́, ìyá mi?"

Mo ní, "Ọ̀yọ́ náà ni, Bàbá."

"Èmi kì í mà ṣe ará Ọ̀yọ́ o."

Ó yẹ kí n bi í pé ará ibo wá ni. Àwọn Gáníánì mi ni mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní abà, àlejò kan wọ àgbàlá wa. Èmi nìkan ni mo wà nílé, mò ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tí a sá sóòrùn. Ó ní bàbá òun lòun ń wá, ó dárúkọ rẹ̀, ó ní oko kòkó ló ń bá wọn ṣe ní Ìdànrè. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe dáhùn, bí ẹni tó mọ gbogbo ayé: "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí." Ó tún bi mí. Mo ní mo mọ gbogbo èèyàn wa. Mo bu omi fún un, ó mu ún, ó súre fún mi, ó ní òun á lọ wò ó ní Owena.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá Ọ̀yọ́ kú. Létí ibojì rẹ̀ lóko, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dárúkọ rẹ̀, ó ní kó sùn re. Orúkọ tí àlejò yẹn dá ni. Bàbá mi ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ láti wá ẹbí rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá wọn ì bá lé ọmọ rẹ̀ bá ní Owena. Ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Ayé ti yí padà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko wa lónìí ní fóònù lápò. Àwọn ọmọ wọn á pè wọ́n láàárọ̀, wọ́n á sì rí ojú ara wọn. Inú mi máa ń dùn, ẹkún sì máa ń gbọ̀n mí. Ọmọ Bàbá Ọ̀yọ́ tó wá lọ́jọ́sí, bó bá ṣì wà láyé, á ti darúgbó jù mí lọ. Á ti máa sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ pé bàbá òun lọ síbi iṣẹ́ kòkó, ó sì gbàgbé ilé.