Ẹni Tó Ni Orin Awẹ́lẹ́wà

Nínú ilé wa, bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá ti na ìka sókè lẹ́nu ọ̀nà yàrá, èmi ní láti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnì. Aránṣọ ni mí. Inú pálọ̀ ni máṣìnì mi wà, yàrá tí òun ti ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sì wà lẹ́yìn ògiri. Ó ti ta búláńkẹ́ẹ̀tì méjì sí àárín kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ àti ògiri, á wọ ibẹ̀ bí ọmọdé tó ń ṣeré bojúbojú, òun àti gìtá àti fóònù rẹ̀. Bí àwọn oníbàárà mi bá béèrè ìdí tí mo fi dáṣẹ́ dúró, màá ní, “Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá olórin wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.”

Bọ̀dá Onígìtá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Rédíò ní tiẹ̀ kò pè é ní nǹkan kan. Ẹ ò lè rí orúkọ rẹ̀ láàárín orin mẹ́wàá tó ń lé wájú, ẹ ò sì lè rí i láàárín ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé rẹ̀. Ó kọ́ ọmọ olọ́mọ ní dùùrù. Ó ta gìtá nílé oúnjẹ kan, níbi tí kò ti sẹ́ni tó gbójú sókè kúrò nínú àwo. Ohùn rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ tó ń polówó oògùn eku káàkiri ìgboro, mo sì máa ń sọ fún un pé eku tó kú lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju èèyàn tó pàtẹ́wọ́ fún un lọ. Á rẹ́rìn-ín. Kì í bínú sí mi, ìyẹn gan-an sì máa ń bí mi nínú.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Awẹ́lẹ́wà. Bọ̀dá ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà, tí ìyá wa máa ń ní kí n tẹ̀ lé wọn kí wọ́n má bàa dá nìkan wà. Ẹ̀gbọ́n mi a máa yára rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ìrìn yẹn ló bí orin náà:

Awẹ́lẹ́wà, má yára rìn,
ọ̀nà kò ní sá lọ.
Dúró kí n mú gìtá mi,
ká lè jọ máa lọ.

Bí ohùn èèyàn ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá ń pe Awẹ́lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni gìtá náà ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀. Inú orúkọ náà ló ti fa orin yọ. Mi ò mọ orin ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ tí wọ́n gé fún ẹnì kan.

Obìnrin kan tó gbé aṣọ wá fún mi ló da nǹkan rú. Ó gbọ́ orin náà láti yàrá, ó ní, “Bọ̀dá, ọkọ mi fẹ́ ṣọjọ́ ìbí. Ṣé ẹ ò lè fi orúkọ tiẹ̀ síbi tí Awẹ́lẹ́wà yẹn wà ni?”

Ilé oúnjẹ yẹn ti kógbá wọlé nígbà náà, iná ìdáná ilé wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ jó mọ́. Bọ̀dá wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń ká aṣọ, kò gbójú sókè.

“Fi sí i jàre,” ló wí. “Ṣé orúkọ la máa jẹ ni?”

Lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó tú aṣọ kan náà tó ti ká, tó tún un ká.

Ọ̀rọ̀ ràn kálẹ̀. Tọkọtaya tuntun dé, olùkọ́ dé, onílé dé. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kó fi orúkọ ajá òun sí i. Ó fi sí i. Mo gbọ́ pé inú ajá náà dùn. Àwọn orúkọ kan ò bá ohùn orin náà mu rárá, á wá máa lọ́ wọn títí tí wọ́n á fi wọlé. Nígbà tó yá, kí iṣẹ́ lè yá, ó gba orin náà sílẹ̀ látòkè délẹ̀, ó fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo. Bí oníbàárà bá ti dé, orúkọ nìkan ló kù tó máa kọ.

Mo sọ tẹnu mi. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ ti sọ orin ìyàwó yín di aṣọ àyálò.”

Ó ní, “Àbúrò mi, òun ló ń bọ́ wa.”

Mo gbé ẹsẹ̀ padà sórí máṣìnì. Èmi náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí àìsàn ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, a ní ikọ́ lásán ni. A lọ sílé ìwòsàn títí, ọjọ́ kan wá pé tí dókítà ní ká máa gbé e lọ sílé, ká kàn ṣètọ́jú rẹ̀ kí ara lè tù ú. Ó yé wa. Ẹni tó ń yára rìn wá di ẹni tí kò lè dé ojú fèrèsé láìgbé ọwọ́ lé mi léjìká. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà látàárọ̀, ọkọ rẹ̀ ń kọrin fún ẹni ẹlẹ́ni lẹ́yìn búláńkẹ́ẹ̀tì nínú yàrá kan náà. Bí ìka bá ti sókè, èmi á dá máṣìnì dúró, ẹ̀gbọ́n mi á pa ikọ́ mọ́nú. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń rí bí omi ṣe ń dà lójú rẹ̀ títí orin á fi parí, kó tó wá wú ikọ́ náà. Èyí dùn mí ju àìsàn náà lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ kan fẹ́ fi orin dágbére fún ọ̀gá wọn tó ń fẹ̀yìn tì. Wọn ò fẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n ní “Ọ̀gá Àgbà” ni kó máa pè é. Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kó fi ọ̀yàyà sí i. Ó tún un kọ. Wọ́n ní ọ̀yàyà ti pọ̀ jù. Nígbà tó fi jáde, òógùn ti bò ó. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń fún ẹ̀gbọ́n mi lómi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Onígìtá mi, kọ tèmi fún mi.”

Ó ní, “Èwo nínú wọn?”

Ẹ̀gbọ́n mi kàn wò ó. Ojú tì í, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fa gìtá mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀: “Ọ̀gá Àgbà, má yára rìn...”

Ẹ̀rín pa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n mi rín in títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní, “Ẹ wò ó, wọ́n ti fi mí joyè.”

Bọ̀dá tún un bẹ̀rẹ̀, ó di ojú. Ẹnu rẹ̀ là, “Màmá Rere” ló jáde, orúkọ tó kọ fún àwọn kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Gìtá dé ibi orúkọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó dákẹ́ síbẹ̀ gan-an bó ṣe dákẹ́ nígbà tó ń fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ àwọn oníbàárà. Gìtá ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ti há, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò ṣi ohùn: “Awẹ́lẹ́wà.” Ọkọ rẹ̀ gbè é: “Má yára rìn.” Gbogbo ìgbà tí orin bá ti yí dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, títí èémí fi tán. Mo kúrò níbẹ̀. Mo lọ sunkún sórí aṣọ aláṣọ nídìí máṣìnì.

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi kú. Kò dúró de gìtá ẹnikẹ́ni.

Títí di ọjọ́ ìsìnkú, Bọ̀dá ò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Á jókòó sí pálọ̀ láìmú gìtá lọ́wọ́, á máa pe orúkọ náà nìkan, “Awẹ́lẹ́wà, Awẹ́lẹ́wà,” bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò ṣì í pè níbi isà òkú.

Kò ṣì í pè. Ó dìde, ó kọ orin náà ní àkọparí, orúkọ náà sì jáde bó ṣe máa ń jáde nígbà tí mò ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń nu ojú. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní ó kéré tán, orin ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Obìnrin tó kọ́kọ́ gba orin náà fún ọkọ rẹ̀ ni, tí kò sì pa ọdún kan jẹ láti ìgbà náà. Omijé wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Orin ọkọ mi rèé! Ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n yín sí i, ẹ ò rí i bó ṣe bá a mu, àfi bíi pé òun gan-an ni wọ́n kọ ọ́ fún.”

Ó ti gbàgbé pátápátá pé Awẹ́lẹ́wà ló bá nínú orin náà. Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo ayé mọ̀. Mo yanu, mo wo Bọ̀dá níbi tó ti ń fi aṣọ wé gìtá rẹ̀.

Obìnrin náà ní òun máa pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ ìbí ọkọ òun ti sún mọ́lé.

Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà. Màá sọ fún un.”